Oríyìn fún Àwọn Apẹja Tí Kò Gbàgbé

Ẹni tó bá ń ná owó sẹ́fà ní Àjàṣẹ́, ní Kútọnu tàbí ní Lomé, ẹja kan wà lára owó náà tó ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Imú rẹ̀ gùn bí ayùn, eyín tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìbátan ẹja ekurá ni, ó sì lè gùn tó mítà 6. Láyé ọjọ́un, láti Mauritania títí dé Angola ló wà, ẹnu odò ló sì ń wọ̀ lọ bímọ. Lónìí, ó ku díẹ̀ kó run. Eyín ayùn yẹn ló kó bá a: bó bá ti kan àwọ̀n, ó há nìyẹn. Òwò lẹbẹ rẹ̀ tún wá bu epo síná.

Nígbà tó ṣì pọ̀, ta ló ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀? Ìrántí àwọn tó ń ju àwọ̀n nìkan ló kù. Ìdí nìyí tí mo fi kan sáárá sí Ruth Leeney àti Pascal Poncelet, tí wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní 2015 lórí ẹja yìí ní Guinea-Bissau, tó jẹ́ pé ẹnu àwọn apẹja ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n bi wọ́n pé: Ẹ ti rí i rí? Níbo? Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn? Ní erékùṣù Bijagós ní orílẹ̀-èdè yẹn, ọ̀rọ̀ ẹja náà kọjá oúnjẹ: wọ́n a máa gbé ère rẹ̀ wọ̀ jó níbi ayẹyẹ.

Leeney àti Nigel Downing ṣe irú rẹ̀ ní Gambia àti Senegal, níbi tí Downing ti mọ ẹja náà ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú. Ìwé wọn jáde ní 2016. Àwọn àgbà apẹja ṣì rántí ẹja náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò fojú kàn án rí.

Èyí dùn mí wọra. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí ò bá sọ̀rọ̀, ọmọ tó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ yóò rò pé bí omi ṣe ṣófo yìí ló ti wà látilẹ̀ wá. Wọ́n sọ òtítọ́ fún àlejò, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè di òfin tí yóò de ọwọ́ àwọn fúnra wọn. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá wa. Ẹ kú ìfọkànsìn.

Ní etíkun tiwa náà, ní Bàdágìrì, ní Ayétòrò àti káàkiri ilẹ̀ Ìlàjẹ, àwọn bàbá tó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ṣì wà láàyè. Mo bẹ ẹ̀yin onímọ̀ ẹja ní yunifásítì wa, ẹ tètè lọ bá wọn. Ẹ mú àwòrán ẹja náà dání, ẹ fara balẹ̀ jókòó tì wọ́n. Bí ìwé yín bá sì jáde, ẹ mú un padà lọ kà fún wọn, ní èdè Ìlàjẹ, ní èdè Ègùn.