Kí Wọ́n Gun Òkè, Ṣùgbọ́n Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Béèrè Ọ̀nà

 

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ òkè kan ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa, ó sì yẹ ká sọ tiwa sí i. Ẹ rántí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Scotland ló fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé: òun rèé, ẹ̀rín lẹ́nu, bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀, òkè kan dá dúró gedegbe lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn fọ́tò yẹn, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ pè é títí, kò wọlé. Nígbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ilé wọn tán. Àwọn kan ń gbàdúrà, àwọn kan ń wá nọ́ńbà ẹni tó mọ ẹni tó wà nítòsí ibẹ̀. Ọjọ́ Sunday, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ni ọmọ náà pè. Alẹ́ ló lé e bá lọ́nà, ó sì sùn sínú ilé kékeré kan nínú pápá níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ebi pa á, ṣùgbọ́n àlàáfíà ló wà. Ọlọ́run ṣeun.

Àtìgbà yẹn la ti pín sí méjì. Àwọn ìyá wa ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni má ṣe gun òkè kankan mọ́, pé iṣẹ́ òyìnbó tí kò níṣẹ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní òkè tí kò ju 731 mítà lọ, ọmọ Jos dé àárín rẹ̀, ó sá padà!

Àwa ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn.

Orúkọ òkè náà ni Suilven. Agbègbè tí wọ́n ń pè ní Assynt ló wà, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Scotland, lẹ́bàá òkun. Tó o bá wò ó láti ìhà òkun, bí òpó ńlá kan ló rí, àwọn ara Norway àtijọ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kọjá ló sọ ọ́ lórúkọ tó jẹ mọ́ òpó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, o máa rí i pé kì í ṣe òpó rárá, òkè tó gùn gbọọrọ ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ láàárín bíi gàárì ẹṣin. Òkúta yanrìn tó pọ́n ló di òkè yẹn, orí òkúta mìíràn tó dàgbà jù ú lọ fíìfíì ló sì jókòó lé. Òkúta ìsàlẹ̀ yẹn tó bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún. Kò sí òkè mìíràn tó fara tì í. Òun nìkan ló dá wà láàárín àbàtà àti adágún kéékèèké.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ 731 mítà yẹn, torí ibẹ̀ ni ọmọ wa ti ṣì í. Jos tí a wà yìí, nǹkan bí 1,200 mítà ló fi ga ju òkun lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń ra tòmátì ní Terminus ti ga ju ẹni tó dúró ní ṣóńṣó Suilven lọ! Ọmọ tí wọ́n bí síbí, tó ń wo Shere Hills láti kékeré, tó bá rí 731 lórí fóònù, á ní kí lèyí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òkun gan-an ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn lọ́hùn-ún, òkè yẹn ò sì sí lẹ́bàá títì. Èèyàn máa rìn ju wákàtí méjì lọ nínú pápá kó tó dé ìdí rẹ̀, kó tó wá ku gígùn. Òtútù ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa. Ọyẹ́ Jos gbẹ, tó o bá ti wọ súẹ́tà méjì, o bọ́. Tibẹ̀ tutù, ó tún rin gbindin, afẹ́fẹ́ ń ti òkun bọ̀, òjò lè bẹ̀rẹ̀ lójijì, kí kùrukùru sì bo gbogbo ọ̀nà kó o má rí ibi tó o gbé ẹsẹ̀ lé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà ń gbà dé ibẹ̀. Èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ jù ni ti Lochinver, ìlú apẹja kékeré kan. Èèyàn á gba ọ̀nà Glencanisp, á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá tó wà níbẹ̀, á máa rìn lọ sí ìlà-oòrùn títí á fi yà sọ́wọ́ ọ̀tún síhà òkè náà. Lẹ́yìn náà ló máa kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó ga fíofío, tí òkúta wẹẹrẹ ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, títí á fi dé ibi tí ẹ̀yìn òkè ti tẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bealach Mòr. Láti ibẹ̀, á yà sí ìwọ̀-oòrùn lọ sí Caisteal Liath, tó túmọ̀ sí ilé olódi eléérú ní èdè Gaelic. Ibẹ̀ ni ṣóńṣó rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bí 20 kìlómítà, kò sì lè gba ẹni tó ń rìn déédéé ní ohun tó dín sí wákàtí méje. Mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló dáa kéèyàn fọkàn sí.

Ọ̀nà kejì gba Inverkirkaig, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ó kọjá níbi tí omi ti ń já látòkè ní ariwo ńlá, ó sì tún yí etí adágún Fionn kó tó wá gun gàárì kan náà láti ìhà gúúsù. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó gùn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Ìkẹta gba ìhà Elphin láti ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ tó sì fẹ́ rin gbogbo ẹ̀yìn òkè náà dé Caisteal Liath máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá lórí àpáta. Ẹ má ṣe é o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń lọ, ti Lochinver ni kó gbà, kó sì gba ibẹ̀ padà.

Ó dáa, kí ni ọmọ wa ṣe? Aago méjìlá ọ̀sán ló kúrò ní Lochinver, ní ìparí oṣù Kẹsàn-án tí oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Kò mú tọ́ọ̀ṣì dání. Fóònù nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé láti mọ ọ̀nà. Nígbà tó dé Bealach Mòr, níbi tí ògiri òkúta àtijọ́ kan ti dábùú ẹ̀yìn òkè, ó rí i pé ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, ó sì rí ṣóńṣó níwájú, kò jìnnà mọ́. Ó wò ó, ó yí padà. Àwa ò rí ohun tí ẹnikẹ́ni ń rẹ́rìn-ín sí níbẹ̀. Gbogbo àṣìṣe tó ṣe láti àárọ̀, ibi tó ti ṣe ohun tó tọ́ nìyẹn. Ká ní ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò lókè kí ẹ lè tẹ «like», bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ báyìí.

Ilé tó sùn sí ń jẹ́ Suileag. Ẹgbẹ́ kan tó ti wà láti 1965 ló ń tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri. Kò ní àgádágodo, kò sí onílé, ẹnikẹ́ni kì í gbowó. Kò sí iná, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá dé wọlé, kó gbálẹ̀ kó tó lọ, kó pa ilẹ̀kùn dé. Ìyá ọmọ náà bi wá pé, ta ló ni ilé tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ láìmọ ẹni tó jẹ́? A sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, Màmá.

Torí ohun tó jọ wá lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rèé. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní Scotland ní 2003, tí ìhà tó kan ìrìn nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005. Ó ní gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti rìn lórí ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ àti omi, ẹni yòówù kó ni ilẹ̀ náà. Kò ní kó o jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Kò béèrè ọdún tí bàbá rẹ dé. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kó o hùwà bí ọmọlúàbí. Má tẹ irè oko mọ́lẹ̀, má wọ àgbàlá ẹni, má ba nǹkan jẹ́. Àwa tí a ti lo ogójì ọdún níbí, tí àwọn ọmọ wa ṣì ń wá ìwé ọmọ ìbílẹ̀ kiri kí wọ́n tó lè wọ yunifásítì, a mọ bí irú òfin yẹn ṣe tó. (Ẹ jọ̀ọ́, a ò bá ẹnikẹ́ni jà o. A kàn ń sọ ohun tójú wa rí ni.)

Kì í sì í ṣe pé àwọn ará Assynt ò mọ ìyà ilẹ̀. Láyé àtijọ́, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, wọ́n lé àwọn bàbá ńlá wọn kúrò lórí ilẹ̀ kí àwọn olówó lè fi da àgùntàn, wọ́n sì tì wọ́n lọ sí etí òkun. Ní 1993, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké níbẹ̀ kówó jọ, wọ́n ra ilẹ̀ tó tó 21,000 éékà padà. Ní 2005, àwọn ará ìlú tún ra 44,000 éékà, Suilven sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: àwọn tí wọ́n lé ló wá ni òkè yìí báyìí, síbẹ̀ wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ èèyàn pọ̀ lórí ọ̀nà, tí oníkálukú ń yẹ ẹrẹ̀ sílẹ̀ tí ọ̀nà sì ń fẹ̀ sí i, wọn ò fi igi dí i. Wọ́n fi hẹlikópítà gbé òkúta wá, wọ́n sì tún nǹkan bíi kìlómítà méjì ààbọ̀ ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ òyìnbó ni, ẹ gbọ́ èyí náà. Fíìmù kan wà tó ń jẹ́ Edie, tó jáde ní 2017. Ìyá àgbà ni olú-òṣèré rẹ̀, Sheila Hancock, ẹni ọdún 83 ni nígbà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun Suilven fún fíìmù yẹn. Kò fi bàtà kánfáàsì gùn ún.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi èpè tàbí ẹkún dí àwọn ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n á ṣì lọ, wọn ò kàn ní sọ fún wa mọ́ ni. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà àti aago tí wọ́n máa padà, kí ẹnì kan mọ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹnì kan sì mọ̀ níbí. Kí wọ́n lọ ní oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà tí ojúmọ́ gùn. Nínú oṣù Kẹfà, aago mẹ́wàá alẹ́ máa kọjá kí oòrùn tó wọ̀. (Kòkòrò kéékèèké ibẹ̀ á jẹ wọ́n, ìyẹn ò pani.) Láti oṣù Kẹjọ dé Kẹwàá, àwọn ọdẹ ń lépa àgbọ̀nrín ní àwọn òkè náà, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó lọ. Kí wọ́n mú máàpù oníwèé àti kọ́ńpáàsì, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 999 ni wọ́n máa pè, kí wọ́n béèrè ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà kí wọ́n ní àwọn agbanilà orí òkè làwọn fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe é. Kí wọ́n sì tẹ «register» ránṣẹ́ sí 999 látilé, torí ibi tí ìpè ò ti lè wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ lè wọlé.

Àlejò lójú, kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wa wí. Àwa tí a bá Jos níbi tó wà, ta ló kọ́ wa ní ọ̀nà tí ò ní kún fún omi lójò, àti ibi tí kò yẹ ká gbà lálẹ́? Ṣebí àwọn tí a bá níbí ni. A béèrè, wọ́n sọ fún wa.

Ọmọ náà ti ní òun máa padà lọ lóṣù Kẹfà. Lánàá la lọ bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní kó ra bàtà tó dáa ná, kó sì fi fọ́tò bàtà ránṣẹ́ kó tó fi ti òkè ránṣẹ́.