Èéfín Ni, Kì í Ṣe Òtútù



Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, kí a tó ṣílẹ̀kùn ilé oògùn láàárọ̀ ni àwọn ìyá ti máa ń dúró dè wá, ọmọ lẹ́yìn wọn, ikọ́ lẹ́nu ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Òtútù ló mú un, ẹ bá wa wá oògùn ikọ́." Ó pẹ́ tí a ti ń bá wọn wá a. Àwa ń tà, wọ́n ń rà, ọmọ ń wúkọ́ lọ.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, ìyá kan wá bá wa láti ẹ̀yìn Àrámọkọ nígbà mẹ́rin láàárín oṣù méjì nítorí ọmọ kan ṣoṣo tí kò tíì pé ọdún méjì. Nígbà kìn-ín-ní àti ìkejì, oògùn ikọ́ olómi ni a fún un. Nígbà kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a fún òun ní oògùn apakòkòrò, pé aládùúgbò òun sọ pé ìyẹn ló múná. A kọ̀, ó bínú lọ, ó sì rà á níbòmíràn. Nígbà tó padà wá ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, a bi í ní ohun tó yẹ kí a ti bi í láti ọjọ́ àkọ́kọ́: níbo ni ọmọ yìí máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Ó ní, "Ẹ̀yìn mi náà ni, tàbí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Gàrí ni mo ń yan, sà."

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ náà, àwa àti Àlhájà kan nínú ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí bá a dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ààrò mẹ́rin ló wà lábẹ́ páànù kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èèyàn lórí. Ògiri dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Igi tí wọ́n fi ń dáná kò tíì gbẹ, omi ń hó jáde ní ìdí rẹ̀. Ọmọ wa sì sùn sórí ẹní ní igun kan, nínú èéfín yẹn. Kí a tó kí àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ tán, omi ti gba ojú wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí wa, wọ́n ní ara àwọn ti mọ́ ọn. Ojú tì wá gidigidi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti gba owó lọ́wọ́ obìnrin yìí láti wo ikọ́ tí iná tó ń fà á ṣì ń jó.

Tí a bá dá ọ̀rọ̀ èéfín sílẹ̀ níbi ìjókòó lẹ́yìn ìrun, àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àwọn ìlú tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí nìyẹn. Wọ́n ti rí i lórí fóònù bí àwọn ibi ìsunbíríkì ṣe ń tú èéfín dúdú sókè ní Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh. Òótọ́ ni. Ní ọdún 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Punjab ní Pakistan ti àwọn ibi ìsunbíríkì pa fún ìgbà díẹ̀ ní àsìkò òtútù nítorí èéfín tó bo ojú ọ̀run. Ní Èkìtì tiwa, Ìrè ni ilé iṣẹ́ bíríkì sísun tí gbogbo wa mọ̀ wà, ọ̀pọ̀ ọdún ni iná rẹ̀ sì fi kú. Búlọ́ọ̀kù ni à ń fi kọ́lé. Nítorí náà, wọ́n ní kò kàn wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀dọ̀fóró kì í béèrè bóyá bíríkì ni iná ń sun tàbí gàrí. Igi tútù ni, atẹ́gùn tí kò tó ni, àìsí ọ̀nà tí èéfín máa gbà lọ sókè ni; ohun kan náà ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Àwọn tó ń sun bíríkì tilẹ̀ máa ń lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Tiwa wà nínú àgbàlá, lábẹ́ fèrèsé yàrá tí a ń sùn sí: ibi ìyan gàrí, ibi tí wọ́n ti ń fọ epo tí wọ́n sì ń fi ògùṣọ̀ dáná, ààtàn tí a ń finá sí lálaalẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ẹ̀fọ̀n-Alààyè mọ èyí jù wá lọ. Òkè yí ìlú ká. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tútù máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀, kì í jẹ́ kí èéfín gòkè. Ohun tí a ń pè ní kùrukùru nígbà tí a bá ń lọ sí ìrun Àsùbáà, kì í ṣe kùrukùru nìkan.

Inú èéfín yìí ni eruku kan wà tí ojú kò lè rí. Irun orí èèyàn kan ṣoṣo nípọn tó ọgbọ̀n irú rẹ̀. Irun imú kò lè dá a dúró, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò lè gbé e jáde. Ó ń lọ dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé nìkan pa èèyàn tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn sì lé ní 237,000. Kò sì mọ sórí ikọ́. Ní Ìbàdàn níbí, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago kó aboyún 324 jọ. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, apá kejì ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ láàárín àwọn tó gba sítóòfù náà bó ṣe pọ̀ láàárín àwọn tó kù. Ọdún 2017 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde.

Oògùn apakòkòrò kò lè lé èéfín jáde. Kòkòrò ló ń pa, ẹni tó bá sì ń lò ó nígbà tí kò sí kòkòrò ń kọ́ kòkòrò ọjọ́ iwájú bí yóò ṣe lágbára. Ṣùgbọ́n èéfín máa ń ṣí ọ̀nà fún òtútù àyà, ìyẹn kì í sì í ṣe eré. Ẹ wo àyà ọmọ nígbà tó bá dákẹ́, tí kò sunkún. Ẹ ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá tó bá mí tó 50, tàbí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún tó bá mí tó 40, tàbí ọmọ tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọlé, tàbí tí kò lè mu ọmú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wá sọ́dọ̀ àwa onílé oògùn.

Àwọn tó ní ásímà ńkọ́? Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 tí GlaxoSmithKline ti kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, owó Ventolin tí wọ́n ń fà sẹ́nu ti fò kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Àwa ló ń rí ojú wọn nígbà tí a bá dárúkọ iye rẹ̀.

A kò sọ pé kí àwọn ìyá wa má yan gàrí mọ́. Gàrí yẹn ni àwa náà ń jẹ, òun ló sì ń san owó ilé ìwé. A ò sì ní sọ fún ẹni tí kò lówó gáàsì pé kó lọ ra gáàsì. Àwọn àgbà tún ń sọ pé èéfín ń lé ẹ̀fọn, pé kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ àgbàdo tó wà lájà. Òótọ́ ni. Àgbàdo kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí a sá igi kó gbẹ kí a tó dá a, kí a wó ògiri kan nínú mẹ́ta, kí a gbé páànù sókè, kí ọmọdé má sùn níbẹ̀, kí nọ́lọ́ọ̀nù àti táyà má dé inú iná.

Kí a tó bá àwọn aláàrò wí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn mọ́sáláṣí tiwa. Lẹ́yìn ìṣínu nínú Rámàdáánì, ta ló ń finá sun abọ́ ike àti nọ́lọ́ọ̀nù? Àwa ni. Ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin ni atẹ́gùn ń gbé e lọ. Ní Ìléyá, àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń fi táyà sun orí àgbò, oró táyà á wà lára ẹran tí a fẹ́ fi ṣe sàráà. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún ẹni tó jẹ áàyù tàbí àlùbọ́sà tútù láti sún mọ́ mọ́sáláṣí, nítorí òórùn lásán. Òun náà ló pàṣẹ, nígbà tí ilé kan jóná mọ́ àwọn ará ilé lórí ní Mẹ̀dínà lóru, pé kí a máa pa iná kí a tó sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìkòkò èédú wọ yàrá ìkókó nítorí òtútù, tí ẹ sì ti fèrèsé pa, ẹ rántí àṣẹ yìí. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ojú oorun ló ń pa èèyàn. Jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí a dáwó ra gbohùngbohùn kejì. A sọ èrò wa níbẹ̀, a ó sì tún un sọ níbí: ohùn àdúrà ti ń dé ibi tó yẹ kó dé. Kí a fi owó yẹn mọ ààrò alámọ̀ tó ní ọ̀pá èéfín fún àwọn ìyá tó ń yan gàrí, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Tí sàráà járíyà bá wà, èyí wà nínú rẹ̀. Àwọn kan kò fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Bíríkìlà kan nínú jámáà wa ti gbà láti mọ àkọ́kọ́ ní ọ̀dọ̀ ìyá Àrámọkọ yẹn láìgba owó iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ni ọmọ náà ń wà lọ́sàn-án báyìí. Ikọ́ rẹ̀ ti dínkù, kò tíì tán. Amọ̀ wà, yẹ̀pẹ̀ wà, ọ̀pá ló kù. Ẹni tó bá ní páìpù irin tí kò lò mọ́ ní Ìjerò, Àrámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n, kó mú un wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kó má ṣe jẹ́ ti asbẹ́sítọ́ọ̀sì o, ẹ̀dọ̀fóró náà ni eruku ìyẹn ń bàjẹ́.