Ooru, Iná Ọba àti Káàdì Àwòrán Kọ̀ǹpútà ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti ń sún mọ́lé, iṣẹ́ a máa pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fídíò nílùú Igbó-Ọrà. Láti ọdún 2018 ni ọdún ìbejì tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ti ń kó àlejò wọ̀lú, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí fídíò òun jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ ti tutù. Ẹ ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Adeseun Ogundoyin Polytechnic, Èrúwà, mọ́ wọn. Káàdì àwòrán, ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán síta tó sì ń mú kí iṣẹ́ fídíò tètè parí, ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Káàdì tuntun ti wọ́n gógó láti oṣù Òkúdù 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká èyí tó yára a máa wá bí yóò ṣe mú èyí tó ní sáré ju bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti fi í sí lọ. Overclocking ni wọ́n ń pè é. Kò lòdì sófin, kò sì náni ní kọ́bọ̀ lọ́jọ́ tí a bá ṣe é. Ooru ni ìṣòro ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún iyára káàdì, tí a sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún fọ́ltéèjì kí ó lè gbé e, ooru tó ń jáde lára rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni fọ́ltéèjì ń wọ inú ìṣirò náà. Kí ni èrè rẹ̀? Iṣẹ́ tó ń gba wákàtí kan yóò dín ní ìṣẹ́jú márùn-ún àbọ̀, bí ó bá tilẹ̀ dín tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó jókòó sínú yàrá tútù ní London lè fara da ìyẹn. Tiwa yàtọ̀. Fáànù ara káàdì kì í dá òtútù sílẹ̀. Atẹ́gùn inú yàrá náà ló ń fẹ́ sí i. Káàdì tó ń fi ìwọ̀n 50 gbóná ju yàrá lọ yóò wà ní 72 bí yàrá bá wà ní ìwọ̀n 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà, bí páànù òrùlé bá ti gba oòrùn dọ̀sán tí yàrá sì di 36, káàdì kan náà ti di 86 nìyẹn. Òpin tí Nvidia kọ fún RTX 3060 ni 93. Ẹ kò sì tíì fọwọ́ kan iyára rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì sọ ti eruku ọyẹ́ tó ti dí fáànù. Bí káàdì bá kan òpin yìí, fúnra rẹ̀ ni yóò dín iyára kù kí ó má baà jóná. Eré tí a fipá mú un sá yóò wá di ìrìn jẹ́jẹ́.

Ooru kì í sábà pa káàdì lọ́jọ́ kan. Ní oṣù Agẹmọ 2008, Nvidia kéde pé òun yóò ya 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí àwọn ẹ̀yà àwòrán inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń bàjẹ́. Gbígbóná àti títutù léraléra ló ń sán òjé tó so wọ́n mọ́ ìdí wọn. Níbi tí iná ọba ti ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni káàdì ń gbóná tó sì ń tutù, pẹ̀lú ewu iná tó dé lójijì pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Sítébíláísà kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ tún ní ìṣọ́ra tirẹ̀ láti ṣe. Títí di ọjọ́ 15 oṣù Owewe 2022, àìmọye káàdì ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru káàkiri àgbáyé láti wa owó Ethereum. Lọ́jọ́ náà ni Ethereum pa ọ̀nà yẹn tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di ọjà àlòkù. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà fi iṣẹ́ fídíò tó wúwo sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì máa wo ìwọ̀n ooru rẹ̀.

Ní tèmi, ìdàkejì overclocking ló bá Ìbàràpá mu. Bí a bá dín iyára àti fọ́ltéèjì kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ooru yóò dín ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Iṣẹ́ wákàtí kan yóò sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méje pẹ́ sí i. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ yóò rí i lára epo rẹ̀. Bí òórùn jíjó bá sì jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ pa iná rẹ̀ láti ara ògiri, ẹ má sì ṣe bu omi sí i.