Ta Ló Pa Akẹ́kọ̀ọ́ Ifá Lẹ́nu Mọ́?

Lónìí, n kò túmọ̀ ẹsẹ kankan. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ni ní Ifá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo bá wíjọ́, mo sì ka ara mi mọ́ àwọn tí ẹjọ́ náà kàn.

Láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti sé aráyé mọ́lé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbé ẹ̀kọ́ Ifá lọ sórí WhatsApp àti Zoom. N kò lòdì sí i. Ẹni tí ń gbé ní Bahia kò lè máa wá jókòó ti ọpọ́n mi ní Òṣogbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni pé olùkọ́ á ti ẹgbẹ́ náà pa, tí kò fi sí ẹni tó lè kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ àfi òun, á da ohùn ìṣẹ́jú 40 sí wọn létí, á béèrè pé, “Ṣé ó yé yín?”, á sì gba owó oṣù mìíràn. Wọ́n ní Ifá kì í ṣe ohun àríyànjiyàn, wọ́n ní ọmọ awo tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ kò mọ àgbà.

Irọ́ gbáà ni. Ta ni a kọ́ ní Ifá bẹ́ẹ̀ rí? Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Á ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, á ní kí n dárúkọ odù. Bí mo bá ṣì í, á tún un jù. Ẹsẹ tí ó kì fún mi láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ kì í padà fún un nírọ̀lẹ́ kí ó tó fi òmíràn lé e. Bí awo kan bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láwùjọ, àwọn yòókù a máa gbè é, bí ó bá sì ṣi ẹsẹ kì, wọn a dá a dúró lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó wá dáfá pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀: babaláwo a máa ki ẹsẹ lọ títí ẹni náà yóò fi sọ pé èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ òun. Bí a bá yọ ẹnu olùgbọ́ kúrò nínú Ifá, kí ló kù?

Èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé fóònù sí orí ọpọ́n, níbi tí ojú Èṣù wà, ó kọjú sí mi, mo sì ń tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn kí wọ́n máa wò. Ẹ kíyè sí i: lójú ẹni tí ń wo ọpọ́n láti ọ̀kánkán mi, òkè odù ti di ìsàlẹ̀, ọ̀tún ti di òsì. Èjì Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú Méjì, Ìwòrì Méjì àti Òdí Méjì kì í yí padà bí a bá dorí wọn kodò, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ láìsí wàhálà. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo tẹ Ìrosùn Méjì: ẹyọ kan, ẹyọ kan lókè, méjì, méjì nísàlẹ̀. Ọ̀wọ́nrín Méjì ni wọ́n rí. Ọ̀bàrà di Ọ̀kànràn, Ògúndá di Ọ̀sá, Ìká di Òtúrúpọ̀n, Òtúrá di Ìrẹtẹ̀, Ọ̀sẹ́ di Òfún, àwọn yẹn náà sì di àwọn wọ̀nyí. Odù 12 nínú 16 ni mo kọ́ wọn ní òdì, mo sì ń bèèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bóyá ó yé wọn. “Ó yé wa, Bàbá.” Ta ni yóò dá àgbà lóhùn pé kò yé òun?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Brazil ti rí àṣìṣe náà tipẹ́. Ó dákẹ́, nítorí mo ti ibi ìkọ̀wé pa, ó sì rò pé ìwà àfojúdi ni kí òun wá mi lọ níkọ̀kọ̀. Ẹlòmíràn ló padà sọ fún mi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti dáfá fún aláìsàn ńkọ́, tó rú ẹbọ Ọ̀wọ́nrín fún ẹni tí Ìrosùn jáde sí?

N kì í bi wọ́n mọ́ bóyá ó yé wọn. Kálukú á tẹ odù sórí ìwé, á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Kálukú á fi ohùn ara rẹ̀ ki ẹsẹ. Ẹnì kejì rẹ̀ á kọ́kọ́ tún un ṣe kí n tó dá sí i. Èmi á sì pa ẹnu mi mọ́ títí ẹni mẹ́ta yóò fi sọ̀rọ̀. (Ìyẹn ló nira jù, ẹnu a máa yún babaláwo.) Agogo mẹ́jọ alẹ́ wa, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Bahia, ẹlòmíràn ṣì wà níbi iṣẹ́, nítorí náà ẹgbẹ́ náà wà ní ṣíṣí jálẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè Potogí bèèrè, kí ó fi bèèrè. Ẹnìkejì rẹ̀ á túmọ̀.

Ẹ̀yin kan á ní ẹ̀yin ní akẹ́kọ̀ọ́ 200, gbogbo wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ta ló ní kí ẹ kó 200 jọ? Èrò ọjà nìyẹn. Ẹ̀yin mìíràn á ní ẹ ń dáàbò bo awo. Ohun igbódù kò wọ inú fóònù tèmi náà. Bí wọ́n bá bi mí, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ọ̀rọ̀ a sì tán síbẹ̀.

Fóònù mi kò sí níwájú ọpọ́n mọ́. Ẹ̀yìn èjìká mi ni mo gbé e kọ́ sí, kí ohun tí mo ń rí lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọdé kan nínú wọn já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ojú Èṣù wà?” Mo dúró, mo fi hàn án.