Ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókùn: Ẹ Má Hú Ẹ̀rí Tà

Àwọn onímọ̀ kan ti gbà rí pé òkèèrè ni gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ ti wá, pé ṣe ni a kàn ń tún un yọ́ níhìn-ín. Ìwádìí tí Babalọlá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 yí èrò náà padà. Laser bu bíńtín lára ìlẹ̀kẹ̀. Iná plasma tú u palẹ̀, ẹ̀rọ sì wọn èròjà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Calcium àti aluminium pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti gíláàsì òkèèrè lọ: Ifẹ̀ ni a ti ṣe é. Irú rẹ̀ dé Gao, ní ilẹ̀ Mali.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè sọ ojú ibi tí a ti hú ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tí a bá hú tà ti di ẹlẹ́rìí tí kò lẹ́nu. Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun, bí ẹ bá rí i, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì fi tó ìjọba létí.