Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Bí Wọ́n Bá Gé ₦20,000 Yìí Ńkọ́?



Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ju àtẹ̀jíṣẹ́ kan sínú gúrúùpù Wasáàpù kíláàsì wa pé owó ìtọ́jú oṣooṣù tí àwọn tó gba ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ń rí gbà máa dópin lóṣù tó ń bọ̀, kí kálukú tètè wá nǹkan ṣe. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò sí déètì, kò sí ibi tó ti wá. Àmì pé wọ́n ti fi ránṣẹ́ láìmọye ìgbà nìkan ló wà lórí rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀kan nínú wa ti sọ pé òun ò ra ìwé tí olùkọ́ ní ká rà mọ́. Ẹlòmíì ti lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé kó bá òun wá iṣẹ́ alẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pọn omi sínú ọ̀rá. Ẹnìkẹta ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ kan la tó mọ̀ pé láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ló ti sọ ara rẹ̀ di 0-0-1. Ẹ̀yin náà mọ ohun tá à ń sọ: kò sóúnjẹ àárọ̀, kò sóúnjẹ ọ̀sán, gáàrì lálẹ́. Owó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ó ń tọ́jú rẹ̀ de ebi tí kò tíì dé ni.

Oṣù tó tẹ̀ lé e dé, owó wọlé. Irọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ebi tí ọ̀rẹ́ wa fi pa ara rẹ̀ kì í ṣe irọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò tó lọ ṣe pẹ̀lú orí fífọ́ kì í ṣe irọ́. Ìdí nìyí tá a fi jókòó kọ èyí. Ẹ̀rù pé wọ́n lè gé owó máa ń jẹni níyà kí gígé fúnra rẹ̀ tó dé, a ò sì gbà pé ohun tó yẹ kí kálukú máa dá rù nínú yàrá rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí owó náà jẹ́. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, tó rọ́pò ti 2023. Ti 2023 ní kí ẹni tí owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ bá ju ₦500,000 lọ lọ́dún má tọrọ. Ti 2024 yọ odi yẹn kúrò. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni àjọ NELFUND ṣí ìkànnì tí a fi ń tọrọ rẹ̀. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sọ́wọ́ ilé-ìwé, ₦20,000 lóṣù sì ń wọ akáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn tí èèyàn bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀.

₦20,000 yẹn, tẹ́ ẹ bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò pé ₦670 lójúmọ́. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ra abọ́ ìrẹsì kan pẹ̀lú ẹran ní búkà mọ́. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè lè ní kí lèyí tá à ń tìtorí rẹ̀ sunkún. Ẹni tó bá ń gbé pẹ̀lú wa ló mọ̀ pé ìyàtọ̀ láàárín 0-0-1 àti 1-0-1 nìyẹn. Òun ni owó ọkọ̀ lọ síbi ìdánrawò, òun ni dátà, òun sì ni páàdì fún àwọn obìnrin inú wa. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù karùn-ún 2023 ni owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ti ń fò sókè, tí ohun tí àwọn òbí ń fi ránṣẹ́ sí wa ò sì tẹ̀ lé e.

Àwọn kan nínú wa ò gba ẹ̀yáwó yìí rárá. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ fi gbèsè bẹ̀rẹ̀ ayé, ọ̀rọ̀ gidi sì ni, torí oṣù mẹ́wàá ₦20,000 ti di gbèsè ₦200,000. Ṣùgbọ́n àwọn náà gbà pé tí owó yìí bá dúró lójijì, yàrá kan náà la jọ ń gbé, ìkòkò kan náà la jọ ń wò.

Nígbà náà, ṣé ìbẹ̀rù yìí mọ́gbọ́n dání? A ní ó mọ́gbọ́n dání. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ejò ti bu àwọn tó ṣáájú wa jẹ.

Ẹ bi àwọn tó wà ní yunifásítì ní àwọn ọdún 1970 léèrè. Oúnjẹ wà ní ilé oúnjẹ ọgbà, ìjọba ló ń gbé èyí tó pọ̀ nínú owó rẹ̀. Ní 1978, wọ́n gbé owó oúnjẹ ojúmọ́ kan láti 50 kọ́bọ̀ sí ₦1.50. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, Ṣẹ́gun Òkéowó tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ NUNS ṣíwájú wọn, igbe pé kí Ahmadu Ali, kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́, máa lọ sì gba ìlú kan. Wọ́n yìnbọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kú. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi máa parí, oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú ti di ìtàn.

Ní Èkìtì, láti 2011, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí ń fún àwọn arúgbó tó ti pé ọmọ ọdún 65 ní ₦5,000 lóṣooṣù. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Àwọn kan nínú wa ní ìyá àgbà níbẹ̀. N-Power bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ó ń san ₦30,000 fún àwọn tó gboyè. Ní oṣù kẹwàá 2023, ìjọba dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ló ti fi owó yẹn gba yàrá, tí wọ́n sì ti fi ṣèlérí fún àbúrò nílé.

Nítorí náà, tí ẹnìkan bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gé owó tí àyà rẹ̀ sì já, ẹ má pè é ní ojo. Ohun tó wá kù ni ohun tá a máa fi àyà jíjá yẹn ṣe. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ ò lè sáré, ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, á tètè gbéra. Àwa náà lè gbéra.

Ohun àkọ́kọ́: ká yéé tan irọ́ kálẹ̀. Kí o tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ owó ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn, bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló sọ ọ́? Ọjọ́ wo ló sọ ọ́? Ṣé wọ́n ti pinnu ni, àbí wọ́n ń dámọ̀ràn? Láàárín kí wọ́n dá àbá gígé owó àti kí wọ́n gé e, ọ̀nà jìn. Tí kò bá sí lórí ìkànnì àjọ náà fúnra rẹ̀ tàbí lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ilé-ìwé wa, fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Ẹni tó ń ka tìrẹ lè má tíì jẹun.

Ìkejì: kí kálukú mọ iye tirẹ̀. Mú bébà, kọ ohun tó ń wọlé lóṣù, kọ ohun tó ń jáde, kó o wá fa ìlà sábẹ́ ohun tí o ò lè ṣe aláì rà. Àwa ṣe é ní yàrá wa ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ojú tì wá díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tá a parí, ẹ̀rù ti dínkù. Ẹ̀rù tí kò ní iye kì í lópin. Èyí tó ní iye, èèyàn lè bá a dúnàádúrà. A rí i pé tí mẹ́rin bá jọ ń dáná, gáàsì kan ló ń lọ dípò mẹ́rin, ẹ̀wà tí a sì rà ní kóńgò sàn ju èyí tí a ń rà ní ife lọ.

Ìkẹta: àjọ. Kì í ṣe ohun tuntun, àwọn ìyá wa ló ń fi í rán wa nílé-ìwé. Èèyàn mẹ́wàá, ₦1,000 kálukú lóṣù, ₦10,000 fún ẹni tó kàn. A fi òfin kan kún tiwa: tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan lójijì, a lè gbé e síwájú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìkẹrin, èyí tó le jù: ká máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rẹ́ wa tó ń fi ebi sùn yẹn kò sọ fún wa torí ó rò pé gbogbo wa ló wà nínú ìṣòro, kò fẹ́ di ẹrù lé wa lórí. A bi ara wa pé kí ló dé tá a fi ń fi ọ̀rọ̀ sapa ṣẹ̀fẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ tá ò lè sọ pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì jẹun." Ẹni tí oorun ò kùn mọ́, tí ìwé ò wọrí rẹ̀ mọ́, kó lọ sí ibi ìgbaninímọ̀ràn ilé-ìwé rẹ̀ tàbí kó bá olùkọ́ tó fọkàn tán sọ̀rọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n kan á ní, "Nígbà tiwa, gáàrì la mu tá a fi gboyè." A bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà tó ṣáájú wọn lẹ ń sọ fún wa nípa adìyẹ ọjọ́ Àìkú nílé oúnjẹ ọgbà. Kò sí ìran tó dá ara rẹ̀ kọ́. Ẹlòmíì á tún ní owó ìjọba kì í ṣe omi òkun. Òótọ́ ni. A ò sọ pé kí ìjọba má ṣe yí ètò kankan padà láé. Ohun kan ṣoṣo tá à ń béèrè ni pé kó má ṣe jẹ́ lójijì. Ẹni tó ti fọkàn sí owó yìí wọ sáà ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kó parí sáà yẹn. Tí àyípadà bá máa wà, kí wọ́n kéde rẹ̀ kí ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ní èdè tí òbí wa nílé máa gbọ́. Tí ẹ bá wo Èkìtì àti N-Power dáadáa, dídáwọ́ dúró nìkan kọ́ ló dun àwọn èèyàn. Ìlérí tí wọ́n ti gbé ka orí owó náà ló wó lé wọn.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà ní àbá ló sì yẹ ká béèrè. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlú Ọba á rántí pé ní oṣù keje 2025, ìjọba ibẹ̀ fà sẹ́yìn lórí àbá láti mú owó àwọn aláìlera tí wọ́n ń pè ní PIP le láti rí gbà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti sọ ọ́ léraléra, àwọn aṣòfin sì ti gbọ́ kí ìbò tó parí. Kò sẹ́ni tó ní láti kú. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, a ò fẹ́ kí ẹ dúró di ìgbà tí owó bá ti dúró kẹ́ ẹ tó gbé pátákó. Ẹ kọ lẹ́tà báyìí, ẹ bi ilé-ìwé àti àjọ náà léèrè ètò wọn, kẹ́ ẹ sì lẹ ìdáhùn mọ́ ara pátákó ìkéde kí gbogbo wa kà á.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bẹ̀ kan la ní. Ẹ máa ń béèrè ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nígbà àpèjọ ọdọọdún. A ò ní kẹ́ ẹ tún gọ́ńgọ́ ẹnu ọ̀nà kọ́. Àpótí oúnjẹ kan ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti tó: gáàrì, ẹ̀wà, ìrẹsì, òróró, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan tí kì í béèrè ìbéèrè púpọ̀. Bí owó ìjọba wọlé, bí kò wọlé, àpótí yẹn á ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa yẹn ti padà sí 1-0-1 báyìí. Ó ka èyí kó tó jáde, ó ní ká má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n ká sọ fún ẹni tó bá wà ní 0-0-1 lónìí pé kó kàn sí wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, a máa ń se ẹ̀wà. Mú abọ́ rẹ dání.