Irun Àgbọ̀n Obìnrin: Ẹ Rọra Pẹ̀lú Wáàsì O!

Lẹ́tà kan dé sí mi lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ. Ó ní:

"Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Irun ń hù lágbọ̀n mi bíi ti ọkùnrin. Onísàlúùnù kan fi wáàsì bá mi fà á tu lóṣù tó kọjá, àfi bí awọ ojú mi ṣe bá a lọ! Ó ta mí fún ọjọ́ márùn-ún, ibẹ̀ wá dúdú. Ìgbéyàwó ọmọ mi ku ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé kí n tún un ṣe? Kíríìmù tí mò ń pa sì ń mú ojú mi mọ́ dáadáa."

Ìyá ìyàwó, ẹ kú ìnáwó. Ohun tí ẹ fi parí lẹ́tà yẹn gan-an ni olórí ọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú ìpara ìbóra ni wọ́n po oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù mọ́. Tí èèyàn bá ń pa á lọ, awọ á máa fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Wáàsì ò sì mọ irun yàtọ̀ sí awọ, ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ló ń fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíríìmù irorẹ́ tó ní tretinoin nínú. Ẹni tó bá sì ń gbé isotretinoin mì nítorí irorẹ́, kó má sún mọ́ wáàsì títí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó bá parí ẹ̀.

Ẹ má ṣe é o! Sísọ́ọ̀sì kékeré ni kí ẹ fi gé irun náà mọ́lẹ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa pé irun tí a bá gé á tún nípọn sí i. Ẹ fi àtíkè díẹ̀ sí i, ẹ wé gèlè yín, ó parí.

Kíríìmù ńkọ́? Ẹ mú ike rẹ̀ lọ bá dókítà awọ ara. Bó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ń pa á, ẹ má kàn dá a dúró lójijì, nítorí ojú lè pọ́n kó sì máa jó yín bí iná.

Ẹ̀yin tó kù tí ẹ ń kà á, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, egbò rẹ̀ kì í tètè jinná, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Ẹni tí àpá ara rẹ̀ máa ń wú, kó jìnnà sí i. Bí onísàlúùnù bá sì fi igi kan ara oníbàárà kan, tó tún kì í bọ inú ìkòkò wáàsì fún ìwọ, dìde kí o máa lọ. (Èmi ti dìde rí, wọ́n sì bú mi.)

Ìyá, bí nǹkan oṣù yín bá ti dáwọ́ dúró, irun àgbọ̀n díẹ̀ kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ayé. Ṣùgbọ́n bó bá hù lójijì, tí ohùn yín tún ń dún bíi ti ọkùnrin, ilé ìwòsàn ló kàn. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ní irùngbọ̀n, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ò sì wá déédéé, kí òun náà lọ.

Ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ìnáwó. Orúkọ yín ò ní jáde.